Gbèsè Ìràwọ̀ Onírù

Aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá.
Wọ́n ti múná lọ láti àná; gbogbo Ìjọká dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ẹlòmíràn ń ṣépè. Èmi ń dúpẹ́.
Mo gbé awò mi sí ẹ̀yìnkùlé,
láàárín kànga àti igi máńgòrò tí mo gé lẹ́ka kan
nítorí pé ó dínà mọ́ ìlà-oòrùn.

Páìpù omi ni ara rẹ̀.
Dígí inú rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi lọ̀ ọ́,
oṣù mẹ́jọ gbáko,
bí ẹni ń lọ ata tí kò ní kúnná láéláé.
Ojúọlápé a máa bá mi gbé àtùpà dání, a ní,
"Aago oníaago kún orí tábìlì, o ò tún un ṣe,
ojú ọ̀run tí kò bàjẹ́ lo fẹ́ tún ṣe."
Ó kú kí dígí náà tó dán.

Lálẹ́ àná, Ìyá Tìámíyù tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú:
"Bàbá oníṣẹ́ aago, ṣé balùwẹ̀ mi lẹ ń yọjú wò?"
Mi ò bá a jà. Mo kọjú páìpù sí Sátọ́ọ̀nù,
mo ní kó di ojú kan.
Ó dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó mí.
Ó lọ yẹ ẹnu páìpù wò, bóyá mo lẹ àwòrán mọ́ ọn,
ó tún padà wá wò.
"Ta ló fi òrùka sí i lọ́wọ́?"
Kí n tó dáhùn, ó ké: "Ó ti ń lọ! Mi ò fọwọ́ kàn án o!"

Òun kọ́ ló ń lọ, Ìyá Tìámíyù. Àwa ni.
Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé, balùwẹ̀ yín, ewúrẹ́ yín tó sùn ti ògiri,
gbogbo Iléṣà ló ń yí lọ sí ìlà-oòrùn.
Ìka kan ni mo fi ń ti páìpù tẹ̀lé e,
jẹ́jẹ́, bí à á ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Ní báyìí Àgùàlà ti yọ, òṣùpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Wọ́n ṣebí ajá òṣùpá ni.
Ẹ wò ó nínú awò: òun náà tẹ̀ kọdọrọ bí oṣù tuntun,
kò sì sí ẹni tó ń pè é ní olówó ajá.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ onírù ni mo wá bá.
Òwúrọ̀ méjì ló ti jẹ mí.
Ọjọ́ kìíní, kùrukùru. Ọjọ́ kejì, èéfín oko tí wọ́n ń sun.
Òṣómàáló ni bàbá mi; ó ru aṣọ àwìn dé Sápẹ̀lẹ́.
Bí onígbèsè bá sá wọ yàrá,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
kò ní jókòó, kò ní nàró, títí owó yóò fi jáde lábẹ́ ẹní.
Èmi ọmọ rẹ̀ rèé, mo lóṣòó ti páìpù,
orúnkún ń ro mí, ìrì ń sẹ̀ sí mi lórí.

Ó yọ.
Kò tóbi. Ó dà bí èémí ẹni tó fẹnu súnmọ́ dígí,
ìrù rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí oòrùn yóò gbà yọ.
Ní kékeré mi, àwọn àgbà ní bó bá yọ, ọba kan yóò wàjà,
wọn a kó wa wọlé.
Èyí kò jọ ẹni tó rù ikú wá.
Ó jọ àlejò tó ṣìnà, tí kò fẹ́ jí onílé.
Nígbà tó wá kẹ́yìn,
kò tíì sí ẹni tó ń pe ibí ní Iléṣà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ síta:
Ojúọlápé, pa àtùpà yẹn, wá wò ó.

Àkùkọ kọ. Ladánì wúkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.
Ilẹ̀ ń mọ́, ó ń pa á rẹ́ láti ìdí ìrù.
Aago mọ́kànlá wà lórí tábìlì tí wọn yóò wá bèèrè lónìí.
Mi ò tíì gbé ìka mi kúrò lára páìpù.